Ẹnu Ajá Nìkan La Bẹ̀rù

Bí ẹ bá bi mí léèrè ẹni tó mọ́ tónítóní jù lọ lẹ́yìn ọjà Mile 12, Bàbá ni màá sọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni wọ́n. Àwọn ló gbà mí sọ́dọ̀ nígbà tí mo fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta girama, tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó fẹ́ fi mí ṣe nílé mọ́. Tòmátì àti ata rodo ni wọ́n ń tà, èyí tí ọkọ̀ máa ń gbé wá láti òkè Ọya nínú apẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ọgbà kan lẹ́yìn ọjà, lápá ibi tí ilẹ̀ ti ń rọra dà gẹ̀rẹ́ sí odò. Ibẹ̀ la máa ń kó apẹ̀rẹ̀ òfìfo sí, pẹ̀lú ọjà tí kò bá tà. Ibẹ̀ náà la ń gbé, èmi, Bàbá àti ìyàwó wọn tí mò ń pè ní Mọ́mì. Yàrá méjì ni, pẹ̀lú ilẹ̀ sìmẹ́ńtì fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan níwájú, àti ajá méjì.

Olè ló jẹ́ ká ní ajá. Ní Mile 12, apẹ̀rẹ̀ òfìfo máa ń hu ẹsẹ̀ rìn. Àwọn ajá náà, abo kan ni, pupa rúsúrúsú, àti ọmọ rẹ̀, akọ dúdú kan tó ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ. Wọn kò lórúkọ. Bàbá ní ohun tó bá ti lórúkọ kò ní í pẹ́ wọ pálọ̀. Mùsùlùmí ni Bàbá, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ìrun ṣeré, wọn kò sì fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ wọn rárá. Bí ajá bá fẹnu kan abọ́ kan, wọ́n á ní kí n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀méje, kí ẹ̀ẹ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni mo máa ń fọ̀ ọ́ tí wọn kò bá wò mí. Búùtà tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá, orí ìṣó tó ga ju orí mi lọ ni wọ́n ń fi kọ́, kí imú ajá má baà dé ibẹ̀.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ́jà máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Ẹnì kan tó ń ta àlùbọ́sà kò jẹ́ kọjá láìkígbe láti ẹnu géètì.

"Alhaji Alájá! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bá ajá gbélé, ṣé màláíkà ń yà sọ́dọ̀ yín ṣá?"

Bàbá á dáhùn láìwẹ̀yìn. "Màláíkà tó bá fẹ́ wọlé mọ ẹnu ọ̀nà. Olè ni mi ò fẹ́ kó mọ̀ ọ́n."

Àsìkò kan wà tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polongo kiri àdúgbò pé wọ́n ń gún ajá lábẹ́rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ní Kétu, kí dìgbòlugi má baà mú wọn. Bàbá ló ní kí n kó àwọn méjèèjì lọ. Mo fi okùn tí à ń fi di apẹ̀rẹ̀ so wọ́n lọ́rùn, a fẹsẹ̀ rìn lọ, abẹ́rẹ́ wọlé, a padà. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn gbogbo wa ti balẹ̀. Tí àlejò bá fà sẹ́yìn lẹ́nu géètì, Bàbá á ní, "Ẹ máa bọ̀, wọ́n ti gba abẹ́rẹ́." Lójú tiwa, abẹ́rẹ́ ajá, ọ̀kan ṣoṣo ló wà. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n kọlà fún ọmọkùnrin. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni, ó parí.

Òjò ọdún tí mò ń sọ yìí kò dá bọ̀rọ̀. Odò kún, omi gba ẹ̀yìn wọlé bá wa, ó mù mí dé orókún nínú ọgbà. Àwọn eku tó ń gbé abẹ́ apẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sá gòkè. Èyí tí kò bá rí ibi gùn, abo ajá yẹn á kì í mọ́lẹ̀. Ó mọ eku pa. Á tò wọ́n sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni ń tò tòmátì sórí tábìlì, á wá jókòó tì wọ́n, á máa wo ojú wa. Bàbá rẹ́rìn-ín.

"Èyí ò jẹun ọ̀fẹ́ ní tiẹ̀," ni wọ́n wí. "Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi ni mò ń kó òkú eku dànù, Bàbá."

"Ẹ̀yin méjèèjì ẹ kú iṣẹ́."

Nígbà tí omi fà, abo náà kọ oúnjẹ. Ó ń mu omi bí ẹni pé ikùn rẹ̀ ń jóná, bó bá ti mu ún tán, á tún bì í. Igun ilẹ̀ sìmẹ́ńtì yẹn ló dùbúlẹ̀ sí, ibi tó dùbúlẹ̀ sí náà ló ń tọ̀ sí, ìtọ̀ náà sì dúdú bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Mo rò pé ó jẹ eku tó ti jẹ májèlé ni. Ẹni gbogbo ló ń da ọta-pia-pia sílẹ̀ lọ́jà nígbà tí eku pọ̀ yẹn. Epo pupa sì ni oògùn májèlé lọ́dọ̀ tiwa. Mọ́mì bu epo wá, mo la ẹnu ajá náà, mo dà á sí i lọ́fun. Epo náà padà jáde. Ọjọ́ kejì, funfun ojú rẹ̀ ti pọ́n bíi gàrí elépo.

Láràárọ̀ ni mo ń da omi sí ìtọ̀ náà, tí mò ń fi ìgbálẹ̀ gbá a lọ sísàlẹ̀. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì wa dà díẹ̀ sí apá kan. Apá ibẹ̀ ni òkúta tí Bàbá máa ń jókòó lé ṣe àlùwàlá wà, omi tí mo bá gbá á kọ́kọ́ dúró níbẹ̀ kó tó wọ gọ́tà. Bàbá á jáde, wọ́n á bọ́ bàtà sílẹ̀ lókèèrè, wọ́n á rìn láìwọ bàtà wá síbẹ̀. Gìgísẹ̀ wọn sán bí ilẹ̀ ọgbà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n á gbé búùtà wọn tí ajá kò fẹnu kàn rí, wọ́n á fi omi rẹ̀ tó mọ́ gaara fọ ọwọ́, fọ ojú, fọ ẹsẹ̀. Nígbà mìíràn wọ́n á ní, "O ṣeun tí o bá mi fọ ibí." Mo rò pé ìmọ́tótó ni mò ń ṣe.

Nígbà tí ajá náà kò lè dìde mọ́, mo gbé e sínú báárò, mo tì í lọ sọ́dọ̀ dókítà ajá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Kétu. Obìnrin ni, kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ. Ó wo ojú ajá náà, ó wo èrìgì rẹ̀, ó wá wo èmi.

"Ọwọ́ lásán lo fi gbé e?"

"Kò gé mi jẹ, Aunty. Ajá tó níwà ni."

"Mi ò bi ẹ́ bóyá ó gé ẹ jẹ. Ta ló ń fọ ìtọ̀ ẹ̀?"

"Èmi ni. Àmọ́ ó ti gba abẹ́rẹ́."

"Abẹ́rẹ́ wo?"

"Abẹ́rẹ́ ajá."

Ó mí kanlẹ̀. Kò bínú, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. "Dìgbòlugi nìyẹn. Èyí ní abẹ́rẹ́ tiẹ̀ lọ́tọ̀, ọdọọdún ni wọ́n sì ń gún un." Ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń bá ọmọ ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní kòkòrò kan ni, ojú kò lè rí i, inú ìtọ̀ eku ló ń gbé. Omi òjò á gbé e kiri. Ajá á rìn nínú rẹ̀, á kó o, òun náà á wá máa tọ̀ ọ́ síta. Èèyàn tó bá fi ẹsẹ̀ tó sán tẹ ibẹ̀, tàbí tí omi náà ta sí i lójú tàbí lẹ́nu, ó lè kó o. "Kì í ṣe ẹnu ajá," ó ní. "Ìtọ̀ ni. Ẹnu lẹ̀ ń bẹ̀rù, ẹ̀ ń fi ìtọ̀ ṣeré."

Ó sọ orúkọ àrùn náà. Lẹ́pítò ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìyókù gùn, kò dúró lórí ahọ́n mi. Ó ní kí n so akọ yẹn sí ibòmíràn, kí n mú un wá gba abẹ́rẹ́. Ó ní kí n má gbá ìtọ̀ kiri mọ́, kí n da bíliṣì sí i níbi tó wà, kí gbogbo wa máa wọ bàtà òjò, ká bo omi àti oúnjẹ, ká wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ eku. Èyí tó tún sọ nígbà tí mo ti ń jáde ni pé bí ibà bá mú ẹnikẹ́ni nínú ilé wa, ká má jókòó ti oògùn kẹ́míìsì. Ká gba ọsibítù lọ, ká sọ pé ajá wa ní lẹ́pítò. "Ó lè pẹ́ nínú ara kó tó fara hàn," ó ní. "Tí wọ́n bá tètè mọ̀ ọ́n, oògùn ẹ̀ ò le. Tó bá pẹ́, kíndìnrín ló ń bà jẹ́."

Abo náà kú lọ́wọ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún Bàbá bí mo ṣe gbọ́ ọ. Wọ́n fún mi lówó abẹ́rẹ́ akọ àti ti bíliṣì láìjanpata, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìtọ̀ yẹn pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

"Ìtọ̀? Ṣé mo fi ń fọ ẹnu ni?"

"Ẹ gbọ́ tiẹ̀ ná," Mọ́mì wí.

"Mo ti gbọ́. Ajá ò fẹnu kàn mí, mi ò fẹnu kan ajá. Kí ló tún kù?"

Mo da bíliṣì. Mo gba abẹ́rẹ́ fún akọ. N kò gbá nǹkan kan lọ sí ibi òkúta yẹn mọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí mo ti gbá ti lọ.

Ní ìdájí ọjọ́ kan tí a ń já ẹrù, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Wọ́n ní ẹran ẹ̀yìn ojúgun àwọn ń dun àwọn bí ẹni pé wọ́n fi pàṣán nà á. Ojú wọn pọ́n. Àwọn alábàárù ní iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún wọn. Bàbá ní ibà ni. "Ibà Mile 12, ọ̀rẹ́ mi àtijọ́," wọ́n ní, wọ́n rán mi ní kẹ́míìsì.

"Bàbá," mo ní, "dókítà ajá yẹn sọ pé tí ibà bá mú ẹnikẹ́ni..."

"Dókítà ajá sọ pé kí ni? Ṣé mo gbó ni?"

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí n má purọ́. Mo lọ ra oògùn ibà náà. Wọ́n lò ó, ara wọn sì balẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ débi pé wọ́n tún jókòó sọ́jà, wọ́n ń bá oníbàárà ná ata. Nígbà tí ibà náà tún padà dé, funfun ojú wọn ti ń pọ́n bíi ti abo yẹn. Mo rí i ṣáájú Mọ́mì. Mọ́mì ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni, wọ́n se àgbo. Mo ní ká lọ sí ọsibítù, Mọ́mì ní ká fún àgbo láyè kó ṣiṣẹ́. Mo tún sọ ọ́ lálẹ́, wọ́n ní ilẹ̀ á mọ́ ná. Ìgbà tí Bàbá kò lè dá dúró lórí ìrun mọ́ la tó fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé wọn lọ.

Èrò pọ̀ ní ọsibítù náà. Àwọn aláìsàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì, a jókòó ti àwọn náà. Nígbà tó kàn wá, nọ́ọ̀sì kan ń bi wá léèrè ọ̀rọ̀. Mọ́mì ń ka gbogbo ohun tí Bàbá ti lò fún un. Mo dá sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ajá wa kú. Dókítà ajá ní àrùn tó pa á lè mú èèyàn."

Nọ́ọ̀sì náà gbójú sókè. Ó fẹ́ gbọ́ mi, n kò lè purọ́ mọ́ ọn.

"Ajá gé wọn jẹ?"

"Rárá, mà."

"Ó lá wọn lójú egbò?"

Kí n tó lanu, Bàbá ti fọwọ́ ti ara wọn sókè lórí bẹ́ǹṣì. N kò mọ ibi tí wọ́n ti rí agbára.

"Èmi? Ajá kankan ò fẹnu kàn mí rí láyé mi! Ẹ bi gbogbo Mile 12 léèrè. Mo máa ń kírun, mo mọ ohun tó mọ́ àti ohun tí ò mọ́. Ẹ má dá ọmọ yìí lóhùn, ó fẹ́ràn ajá ju bó ṣe yẹ lọ."

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "Ẹ jẹ́ kó fi ajá ṣaya." Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. "Ẹ fara balẹ̀, Bàbá, a ti gbọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ ajá." Ó yí padà sọ́dọ̀ Mọ́mì, ó ń béèrè bóyá wọ́n ń bì.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ sọ. Ìtọ̀ ni. Ó wà lórí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n bí n bá sọ ọ́ níbẹ̀, ohun tí mò ń sọ létí gbogbo èrò yẹn ni pé bàbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ búra tán yìí, inú ìtọ̀ ajá ni wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá, pé èmi ni mo sì gbá a síbẹ̀ fún wọn. Àwọn ló tọ́ mi. A kò kọ́ mi láti já irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ àgbà lẹ́nu níwájú àlejò. Orúkọ gígùn yẹn gan-an ti fò lọ lórí mi. Mo jókòó. Wọ́n gbé Bàbá wọlé, wọ́n fa omi sí wọn lára, wọ́n fún wọn ní oògùn ibà tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ní ọjọ́ kejì, Bàbá kò tọ̀. Wọ́n fi ike kan sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ike náà gbẹ. Mo sá jáde, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Kétu, mo bá dókítà ajá yẹn níbi tó ti ń fún ọmọ ajá kan lóògùn. Nígbà tí mo sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí, ó gbé ọmọ ajá náà sílẹ̀.

"Ṣé o sọ fún wọn?"

"Mo sọ ọ́ ní ìdajì."

Ó fọwọ́ bo ojú. "Èmi ajá ni mò ń wò. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á gbọ́ tèmi lórí èèyàn." Síbẹ̀ ó ní kí n padà, kí n wá dókítà wọn, kí n pe òun sórí fóònù, kí n fi fóònù sí i létí, kí n má sọ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Ọ̀dọ́kùnrin ni dókítà náà, ojú rẹ̀ pọ́n fún àìsùn. Ó kọ́kọ́ fẹ́ dá fóònù padà fún mi, àfi bó ṣe dúró. Gẹ̀ẹ́sì wọn yára ju mi lọ, ṣùgbọ́n mo gbọ́ lẹ́pítò nínú rẹ̀. Ó dá fóònù padà, ó lọ tààrà sídìí bẹ́ẹ̀dì, ó ṣí ẹsẹ̀ Bàbá. Ó wo gìgísẹ̀ wọn pẹ́.

"Bàbá, níbo lẹ ti máa ń ṣe àlùwàlá?"

Ohùn Bàbá ti lọ sílẹ̀. Wọ́n fi àgbọ̀n júwe mi. "Níwájú ilé. Ọmọ yìí máa ń bá mi fọ ibẹ̀ láràárọ̀. Ọmọ dáadáa ni."

Wọ́n fi yìn mí ni o. N kò rí ibi tí mo fẹ́ wò.

Dókítà náà pààrọ̀ oògùn wọn lójú ẹsẹ̀. Ó wá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kíndìnrín ti gbọgbẹ́, ó ní ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n nílò, kò sì sí lọ́dọ̀ àwọn. Àwọn á wá àyè níbòmíràn. "Ká ní a mọ̀ lánàá..." ó ní. Kò bá mi wí.

A dúró de àyè. Mọ́mì ń ka tẹ̀sùbáà, mò ń wo ike. Èèyàn lè pọkàn pọ̀ lórí ike òfìfo débi tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ó ń rí nǹkan nísàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan, mo pe nọ́ọ̀sì pé ìtọ̀ ti dé. Òjìji ọwọ́ mi ni. Nígbà tí wọ́n wá sọ pé àyè ti wà, pé mọ́tò ń bọ̀ wá gbé wọn, Bàbá kò dá wa lóhùn mọ́. Mọ́tò náà bá wa níbi tí Mọ́mì ti ń ké.

Dókítà yẹn ló fún mi ní ìbọ̀wọ́ rọ́bà nígbà tí a fẹ́ gbé òkú lọ. Ó ní kí àwọn tó máa wẹ̀ wọ́n wọ̀ ọ́, kí wọ́n má fi ọwọ́ tó ní egbò kan omi ara òkú náà. Mo dì í mọ́ra nínú ọkọ̀ títí a fi délé. Akọ dúdú yẹn kò sí nílé mọ́. Mo ti sáré wá mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ajá nígbà tí wọ́n ń ṣe ìwé òkú lọ́wọ́ ní ọsibítù, torí mo mọ ohun tí àwọn èèyàn á fẹ́ fi í ṣe.

Àwọn àgbà méjì ló wá láti mọ́ṣáláṣí. Wọ́n ti gbé omi sílẹ̀, wọ́n ti ká ọwọ́ aṣọ sókè. Mo kúnlẹ̀, mo na ìbọ̀wọ́ náà sí wọn.

"Kí lèyí?" èyí tó dàgbà jù béèrè.

"Dókítà ní kí ẹ wọ̀ ọ́, sà. Àìsàn yẹn máa ń wà nínú ìtọ̀, ó lè wà nínú omi ara wọn. Ẹni tó bá ní egbò lọ́wọ́..."

"Nínú kí ni?"

"Nínú ìtọ̀, sà."

Àgbà náà wò mí bí ẹni rí ẹ̀gbin. "Ta lò ń pè ní aláìmọ́? Ọkùnrin tí gbogbo wa mọ̀ yìí? Tí ajá kò fẹnu kàn rí?"

"Kì í ṣe pé wọn ò mọ́, sà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ajá. Èmi ni mo..."

"Ọmọ mi, dákẹ́," Mọ́mì wí láti ẹ̀yìn mi. "Dákẹ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́."

N kò dákẹ́. Mo sọ ti eku, mo sọ ti omi òjò, mo sọ ti ilẹ̀ sìmẹ́ńtì àti ìgbálẹ̀ ọwọ́ mi, mo sọ gbogbo rẹ̀ létí Mọ́mì àti létí àwọn tó wá kí wa. Ẹkún ń bá mi sọ ọ́, bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi yé wọn. Ẹnì kan di apá mi mú. Èyí tó kéré nínú àwọn àgbà náà bojú wo ọwọ́ ara rẹ̀, mo rò pé ó fẹ́ gba ìbọ̀wọ́ náà. Èkejì fà á wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn náà pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ náà lọ́wọ́. Mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bu omi, tí wọ́n ń kéwú sí i jẹ́jẹ́. Mo mọ̀ pé apá ọ̀tún ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀, bí Bàbá á ṣe fẹ́ ẹ.